Ọ̀run Kò Ní Imú

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ sún mọ́bí. Ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní fi ìmọ̀ràn pa yín. Ìmọ̀ràn pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, nítorí kò ní ohun mìíràn tó ń ṣe láàárọ̀. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, ẹ fúnra yín ni kí ẹ yọ ohun tó bá wúlò fún yín níbẹ̀.

Ọlátúnjí ni orúkọ mi. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi ṣe gíláàsì ojú ní Ṣàgámù. Èmi kì í ṣe dókítà ojú o. Dókítà ló ń yẹ ojú wò, òun ló ń kọ nọ́ńbà sórí ìwé. Àwa la máa ń gé awò, tí a ń lọ̀ ọ́ títí tó fi máa jókòó sínú férémù. Bí ẹ bá rí àgbàlagbà kan ní Makun tàbí ní Ofin tó ń ka Bíbélì láìjẹ́ pé ó na ìwé náà jìnnà bí ẹni tó fẹ́ jù ú nù, ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wà lójú rẹ̀.

Àmọ́ iṣẹ́ náà bí nǹkan mìíràn fún mi, ohun náà ni wíwo ojú ọ̀run. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ó sì ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí mo ti ń lépa ohun kan ṣoṣo: kí n fi awò tí mo fọwọ́ ara mi lọ̀ rí òrùka tí wọ́n ní ó yí ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ Sátọ́ọ̀nù ká. Dúpẹ́, ọmọ mi obìnrin, ti fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Mo ní ó ṣeun, ṣùgbọ́n ìròyìn ò tó àfojúbà. Lọ́dún tó kọjá ni ojú òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, dókítà sì sọ pé tọ̀tún náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ wà fún un, mo sì máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò máa ń fẹ́ parí iṣẹ́ tó wà nílé kó tó ti ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ rí òrùka yẹn kí ojú tí mo fi ń wá a tó ṣú pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn: bàbá mi mú mi lọ sí Makun, wọ́n kọ ìwé, wọ́n gbàdúrà, ó tán. Ọ̀gá Ṣóbándé ni wọ́n fà mí lé lọ́wọ́. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wa sì ń ta ẹrẹ̀ òkúta síni lára láti àárọ̀ dalẹ́. Mi ò rí àbàwọ́n kan lára ṣẹ́ẹ̀tì yẹn rí. Odindi ọdún kan ni mo fi gbálẹ̀, tí mo fi ń fọ awò pẹ̀lú omi ọṣẹ, kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan òkúta ìlọ̀. Òkúta náà rí roboto, ọwọ́ la fi ń yí i, omi sì ń kán sí i láti inú agolo tí a dá ihò sí nídìí.

Ojú fèrèsé ni ẹ̀kọ́ gidi wà. Irin méjì ló dábùú ara wọn lára fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀gá á fún mi ní awò.

“Gbé e sókè. Wo irin yẹn nínú awò. Ṣé ó ṣẹ́?”

“Ó ṣẹ́, sà.”

“Sún un.”

Màá sún awò náà díẹ̀díẹ̀ títí irin tí mo ń rí nínú rẹ̀ á fi bá irin tó wà lóde rẹ̀ dọ́gba.

“Kò ṣẹ́ mọ́, sà.”

“Ìdodo awò nìyẹn. Sàmì sí i.”

Bó ṣe ń pè é nìyẹn. Ó ní gbogbo awò ló ní ìdodo bíi ti ọmọ èèyàn, bí ìdodo náà kò bá sì dojú kọ ẹyinjú gan-an, wíwọ́ ni ẹni tó wọ̀ ọ́ á máa rí ayé. Òfin kejì ló wá le jù: ìdodo awò kì í gbé àárín férémù, ìhà imú ló ń gbé. Ìdí ni pé ojú wa méjèèjì sún mọ́ra ju bí àárín ihò férémù méjèèjì ṣe sún mọ́ra lọ. Férémù kì í mọ̀ bẹ́ẹ̀, oníṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ mọ̀.

Bí mo bá ṣe iṣẹ́ tí kò dára, Ọ̀gá á fi hámà fọ́ awò náà lójú mi, á sì ní kí n gbá a. Bó bá dára ńkọ́? Kò ní sọ pé o ṣeun. Á gbé e sójú fèrèsé, á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á wá ní, “Gbé e fún oníbàárà.” Ìyìn tó wà nílé wa nìyẹn, kò sí òmíràn. Ọ̀rọ̀ kan tó tún fẹ́ràn ni, “Awò tí kò sí lórí imú ẹnìkan, ìgò fífọ́ ni.”

Ní ọdún kẹta ni mo dá ohun tí àwọn ará Òde Rẹ́mọ ṣì fi ń bú mi sílẹ̀. Ọ̀gá lọ sí ìpàdé ìjọ ní Ìpẹ̀rú, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Olórí akọrin ìjọ kan ní Òde Rẹ́mọ wá gba gíláàsì rẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sójú rẹ̀, awò rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò ọtí. Kò tíì ṣe tán, Sunday ìkórè sì ti kù sí ọ̀la. Mo ní kó jókòó, màá parí rẹ̀. Mo fẹ́ fi han ayé pé èmi náà ti di ọ̀gá. Bí mo ṣe ń to awò náà sínú férémù, mo wò ó pé ìhà imú kò bá ojú mu, pé àárín gbùngbùn ló lẹ́wà jù. Mo fi ìdodo méjèèjì sí àárín. Olórí akọrin dúpẹ́, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń ti ibi àwọn akọrin sọ̀kalẹ̀ láti lọ gbé ọrẹ ìkórè rẹ̀ síwájú, àtẹ̀gùn méjì ló rí níbi tí ọ̀kan wà. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ló fẹsẹ̀ lé. Àárín iṣu ìkórè ló balẹ̀ sí. Àkùkọ tí ẹnìkan so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì já okùn, ó fò sórí àga ìwàásù, ó sì kọ. Ọrùn ọwọ́ olórí akọrin rọ́.

Ní Monday ó dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi aṣọ gbé ọwọ́ kan rẹ̀ kọ́ ọrùn, gíláàsì wà lọ́wọ́ kejì. Ọ̀gá gbé e sójú fèrèsé. Ó sún un, ó yí i.

“Túnjí, níbo ni ìdodo wà?”

“Àárín, sà.”

“Níbo ló yẹ kó wà?”

Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Ọ̀gá kò nà mí. Ó ní, “Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìwọ lo ṣe ojú yìí, o sì fi orí bàbá olórí sínú iṣu.” Oṣù mẹ́ta ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òkúta. Ojú fèrèsé ni mo ń dúró sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí mò ń wá ìdodo awò kan lẹ́yìn òmíràn, tí mò ń fi wọ́n sí ìhà imú lórí férémù òfìfo, tí mo sì ń pariwo rẹ̀ kí Ọ̀gá lè gbọ́: “Ìhà imú! Ìhà imú!” Àwọn tó ń kọjá lọ́nà rò pé mo ń ta nǹkan ni. Gbogbo Saturday, mo gbọ́dọ̀ lọ sí Òde Rẹ́mọ lọ gún iyán fún olórí akọrin títí ọwọ́ rẹ̀ fi san. Iṣu ìkórè yẹn náà ni a gún. Bàbá náà kò bá mi bínú, ó ní iyán mi dùn ju gíláàsì mi lọ. Ṣùgbọ́n òfin Ọ̀gá ti wọ inú egungun mi. Ẹ jí mi lójú oorun lónìí, ẹ gbé awò fún mi, ìhà imú ni màá fi ìdodo rẹ̀ sí.

Ibi ìyà yẹn ni ayọ̀ ti bá mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo na awò kan tí agbára rẹ̀ kéré síwájú pẹ̀lú ọwọ́ òsì, mo sì gbé awò tó nípọn sójú pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Mo kàn ń fi wọ́n ṣeré ni. Lójijì, ilé ìjọsìn tó wà ní òpópónà kejì dé iwájú mi, ó dorí kodò, àdàbà méjì sì ń rìn lórí òrùlé rẹ̀ bíi pé wọ́n so wọ́n rọ̀. Mo kígbe. Ọ̀gá sáré dé.

“Kí lo rí?”

“Ilé ìjọsìn, sà! Ó sún mọ́ wa!”

“Ta ni oníbàárà?”

“Kò sí, sà.”

“Gbé awò yẹn sílẹ̀.”

Mo gbé e sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gá lọ sílé, òṣùpá ti yọ ní ìdajì, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú tán. Mo ká kàlẹ́ńdà ògbólógbòó kan, mo ki awò kan bọ ẹnu rẹ̀, mo gbé ìkejì sí ìdí rẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí òkè. Háà! Òṣùpá ní ihò. Ó kún fún ihò, etí rẹ̀ rí jágajàga bí búrẹ́dì tí eku jẹ. Mo ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan bí aṣiwèrè. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo ṣe ìdúpẹ́ ìgbéyàwó lọ, ìyàwó mi sì mọ̀, mo ti sọ fún un.

Nígbà tó yá, Àgùàlà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù tuntun. Ẹ mọ̀ ọ́n, ìràwọ̀ ńlá ìrọ̀lẹ́ yẹn. Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Mo gbé kàlẹ́ńdà mi sí i. Mo rò pé màá rí nǹkan roboto. Òṣùpá kékeré ló jẹ́! Ó tẹ̀ bí oṣù ọjọ́ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí, mi ò kà á níbì kankan. Mo sáré lọ bá ìyá mi.

“Màámi, ajá òṣùpá kì í ṣe ajá! Òun náà ń ṣe bí òṣùpá!”

Ìyá mi wò mí tìtì. “Túnjí, ṣé o ti jẹun?”

Mo gbà pé èmi ni mo kọ́kọ́ rí i láyé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbà bẹ́ẹ̀, títí mo fi pàdé tíṣà kan láti Ìkẹ́nnẹ́ tó wá tún férémù rẹ̀ ṣe. Mo sọ ọ́ fún un láti fi wú u lórí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn èèyàn ti rí i kí wọ́n tó bí baba ńlá mi. Mo bínú fún odindi ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì mo rò ó wò: ẹni tó kọ́kọ́ jẹ iyán láyé, ṣé ó gbé adùn rẹ̀ lọ ni? Mo dárí ji tíṣà náà, mo fẹ́ ẹ. Òun ni Ìyá Dúpẹ́.

Mo gba òmìnira, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi nítòsí Ofin. Òkúta tí à ń fọwọ́ yí lọ, òkúta oníná dé. Awò oníke dé, kò sẹ́ni tó fẹ́ ti gíláàsì gidi mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kan dé tó ń fúnra rẹ̀ ka férémù, tó ń gé awò bí o ṣe ń mu tíì lọ́wọ́. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀, mi ò ráhùn. Ẹni tó bá ń bínú sí ẹ̀rọ, iṣẹ́ ló ń bínú sí. Ohun kan ṣoṣo tó dùn mí ni àwọn gíláàsì tí wọ́n ń gbé kiri nínú agbọ̀n ní gáréèjì, tí ìdodo wọn wà níbi tó bá wù ú. Òkúta àtijọ́ mi ṣì wà lábẹ́ ibùsùn. Ìyá Dúpẹ́ ní bí mo bá ṣáájú òun kú, òkúta yẹn ni wọ́n á fi sàmì sójú oórì mi.

Nígbà tí awò oníke ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde, awò onígíláàsì kan ló ṣẹ́ kù nínú ọjà mi, nọ́ńbà rẹ̀ rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rà á. Òun ni mo lọ̀ kó lè wọ ẹnu páìpù omi oníke, páìpù tó gùn jù mí lọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ di awò-awọ̀nàjíjìn nìyẹn. Mo dè é mọ́ àkàbà, mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé.

“Bàbá Dúpẹ́,” ni ìyàwó mi wí, “ṣé ẹ fẹ́ pọn omi lójú ọ̀run ni?”

Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ jáde wá wò. Mo fi páìpù yẹn rí ìràwọ̀ kéékèèké mẹ́rin tó ń yí ìràwọ̀ Júpítà ká. Mo ń ya ibi tí wọ́n wà sínú ìwé ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ àyè bí ọmọdé tó ń ta òkòtó. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo bá wò ló ní ìrù, pupa ní ìhà kan, búlúù ní ìhà kejì. Sátọ́ọ̀nù ńkọ́? Ẹyin ni mò ń rí, ẹyin tí ẹnìkan jókòó lé. Mo dá ọyẹ́ lẹ́bi. Mo dá èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lẹ́bi. Mo pààrọ̀ páìpù lẹ́ẹ̀mẹta, mo pààrọ̀ awò ìdí rẹ̀ títí ó fi sú mi. Ọdún ń gorí ọdún, ẹyin ni ẹyin ń jẹ́.

Gbogbo àkókò yẹn, mi ò sọ ọ́ fún Ọ̀gá. Mo máa ń lọ kí i ní Makun, a ó sọ̀rọ̀ férémù àti oníbàárà títí, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti sọ pé ìgò fífọ́ ni mo fi ń ṣeré ní ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tí ojú òsì mi wá ń ṣú, mo ní kí ni mò ń tijú sí? Mo di awò náà sínú áńkáṣíìfù, mo gbọ̀nà Makun.

Ọ̀gá ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún báyìí. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sójú rẹ̀ méjèèjì, ó ń ríran jù mí lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì funfun. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: kàlẹ́ńdà, òṣùpá, páìpù, ẹyin. Kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Èdè Rẹ́mọ wa ló fi sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń tún un sọ kí ará òkèèrè lè gbọ́.

“Gbé awò náà wá.”

Ó dìde, ó rọra rìn lọ sójú fèrèsé, ó gbé awò náà sókè síwájú irin. Ó sún un. Ó yí i. Ó tún sún un.

“Túnjí, ìdodo awò yìí dà?”

“Ìhà imú ni, sà,” ni mo wí, àní pẹ̀lú ìgbéraga. “Bí ẹ ṣe kọ́ mi.”

Ọ̀gá yíjú sí mi. “Ìhà imú.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Imú ta ni?”

Mo fọwọ́ kan imú ara mi.

“Túnjí, ọ̀run ní imú ni?”

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mi ò mọ̀ pé èmi ni mò ń rín in. Ọ̀gá di fèrèsé mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ sáré wọlé, ó rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń lanà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́! Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń pààrọ̀ páìpù, bẹ́ẹ̀ ni èmi ni mo fọwọ́ ara mi fún ọ̀run ní imú. Páìpù kò ní ojú méjì. Àárín gbùngbùn nìkan ló yẹ kí ìdodo wà, àárín tí mo jìyà rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ọ̀gá ní kí n lọ gbé òkúta àtijọ́ wá. Mo gbé e wá, a gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ fi yíǹkì sàmì sí ìdodo, ó fa òbíríkítí tuntun yí i ká, tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo etí rẹ̀ tó kù ni mo gbọ́dọ̀ lọ̀ dànù. Ẹ̀rù bà mí. Kò sí irú awò bẹ́ẹ̀ lọ́jà mọ́. Bó bá sán, ó parí nìyẹn, ojú mi kò sì ní dúró dè mí. Ọmọ rẹ̀ ń kán omi sí òkúta, èmi ń yí i, Ọ̀gá jókòó sórí àga rẹ̀, ó di ojú, ó ń fetí sí i.

“O ń tẹ̀ ẹ́ jù,” ló wí lẹ́ẹ̀kan, láìlajú.

Mo dẹwọ́. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i lórí ìdúró, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin sì lọmọdé tí mò ń wí yìí. Ó gbà wá ní ọ̀sán kan gbáko. Awò náà kò sán.

Lọ́jọ́ kẹta, mo háyà ọkọ̀ kan gbé páìpù àti àkàbà lọ sí iwájú ilé Ọ̀gá. Ìyá Dúpẹ́ bá mi lọ, ó ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún òun. Adìyẹ ń wọlé, ojú ọ̀run mọ́ kedere, Sátọ́ọ̀nù sì ti yọ lókè òrùlé páànù. Mo fi ìṣó méjì tí mo kàn mọ́ ẹ̀yìn páìpù fojú sùn ún bí ọdẹ tó fẹ́ yìnbọn, mi ò tíì wo inú awò. Kì í ṣe àṣà wa kí ọmọ kọ́kọ́ bu oúnjẹ ṣáájú baba. Mo ní, “Ẹ wò ó, sà. Ẹ tètè, ó máa ń sá kúrò.”

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú lé e. Ó fi ìka kan ti páìpù díẹ̀ bí ìràwọ̀ náà ṣe ń sá lọ. Mò ń wo etí rẹ̀, mò ń wo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, bí mo ṣe máa ń wò ó nígbà tí awò mi bá wà lójú fèrèsé tí hámà sì wà lórí tábìlì.

Ó nàró. Ó ní, “Gbé e fún oníbàárà.”

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ìyá Dúpẹ́ nìkan ló dúró níbẹ̀, kò sì mira.

“Ta ni oníbàárà, sà?”

Ọ̀gá di èjìká mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó rọra tì mí síbi awò.

“Ìwọ ni.”

Mo gbé ojú ọ̀tún mi lé e. Kò sí ìrù pupa, kò sí búlúù. Ìràwọ̀ náà kéré, ó mọ́, òrùka sì yí i ká, àyè dúdú wà láàárín òun àti òrùka náà níhà méjèèjì.